Ohun Tí Weir Ti Kọ́ Mi Nídìí HEC-RAS

Gbé iṣẹ́ tó ní weir nínú fún ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ HEC-RAS, sọfítíwíà tí a fi ń ṣe àwòṣe odò, nọ́ńbà C inú ìṣirò omi tó ń gorí weir ni yóò kọ́kọ́ máa wá kiri. Yóò ṣí ìwé, yóò bi ọ̀rẹ́, yóò gbé 1.5 wò, yóò gbé 1.7 wò, ilẹ̀ á sì ṣú bá a nídìí ẹ̀. Gbé irú iṣẹ́ kan náà fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ìbéèrè mìíràn ni yóò bi ọ́: ta ló wọn gíga orí ògiri yẹn, ìgbà wo ló wọ̀n ọ́n, ibo ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n? Látìgbà tí mo ti ń fi HEC-RAS àti SWMM, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà fún àgbàrá ìlú, ṣe àwòṣe odò àti dáàmù kéékèèké ní agbègbè Ìbàdàn, ìbéèrè yìí ló ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà jù. Òun ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ omi. Weir ni ògiri tí a mọ dábùú odò, tí kò ga débi pé yóò dá omi dúró pátápátá. Omi á kún lókè rẹ̀, á gorí rẹ̀, á sì dà sí ìsàlẹ̀. Spillway (ibi tí omi tó pọ̀ jù ń gbà jáde) dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ parí sórí odò Ọ̀nà ní 1942, irú ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, títì tí àgbàrá bò mọ́lẹ̀ náà weir ni, bèbè odò tí omi gorí rẹ̀ wọ ilé onílé náà weir ni. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ò fi mọ sọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Ti 2011 ṣojú gbogbo wa: ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà, òjò tí wọ́n wọ̀n ní mìlímítà 187.5 rọ̀, odò Ọ̀nà àti àwọn yòókù kún àkúnya, afárá já, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Ní 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún ètò ìdènà ìkún omi Ìbàdàn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá bí wọn yóò ṣe kọ́ iṣẹ́ àwòṣe odò.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. HEC-RAS jẹ́ ti ẹ̀ka ẹnjiníà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Davis ní Califọ́níà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. SWMM jẹ́ ti àjọ tó ń bójú tó àyíká lọ́hùn-ún, ọ̀fẹ́ lòun náà. Mo sọ ọ́ nítorí mo ti dé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi sọfítíwíà olówó gọbọi tí wọ́n jí ṣiṣẹ́, tí wọn ò mọ̀ pé èyí tó péye wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà láì san kọ́bọ̀.

Ìṣirò tó wà nídìí weir kò le. Láti ìgbà Giovanni Poleni, ará Ítálì tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1717, la ti ń bá a bọ̀: Q = C × L × H^1.5. Q ni iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. L ni gígùn ògiri láti etí odò kan dé èkejì. H ni bí omi òkè ṣe ga ju orí ògiri lọ. C ló kó ìyókù mọ́ra: bí orí ògiri ṣe fẹ̀ tó, bóyá ó rí pẹrẹsẹ tàbí róbótó, bí omi ṣe ń yà sí i. Tí a bá ń lo mítà, ògiri tí orí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń wà láàárín 1.4 sí 1.7. Spillway tí wọ́n mọ orí rẹ̀ bí omi gan-an ṣe ń tẹ̀ tó bá ń dà lè dé 2.1 tàbí kó lé díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ. Ká ní L jẹ́ mítà 20, H jẹ́ ààbọ̀ mítà, C jẹ́ 1.7. Omi tó ń kọjá jẹ́ kùbíìkì mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí alátakò mi bá ní 1.5 ni C yẹ kó jẹ́, yóò rí 10.6. Gbogbo àríyànjiyàn wa kò ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó wọn orí ògiri bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ, H tòótọ́ á jẹ́ 0.6, omi tó ń kọjá á sì di 15.8. Ìyẹn fi ìdá 31 nínú 100 ju tàkọ́kọ́ lọ. A wá jókòó lórí C láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a ò sì bi sọ́fíyọ̀ ní nǹkan kan!

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kì í ṣòro láti sọnù. GPS tí kò gba àtúnṣe máa ń fún wa ní gíga láti orí ayé tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fojú inú yà, kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun. Ní ìhà tiwa níbí, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju mítà 20 lọ. Ìyẹn kò léwu rárá, torí kò sẹ́ni tí kò ní rí i tí dáàmù bá fò sókè ní mítà 20. Èyí tó léwu ni ìyàtọ̀ kékeré: òpó ìwọ̀n, tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga, tí ọ́fíìsì kan rì sílẹ̀ àti èyí tí ọ́fíìsì mìíràn rì, tí wọn ò bá ara wọn mu, ògiri tí wọ́n fi òpó kan wọ̀n, odò tí wọ́n fi òpó kejì wọ̀n. Kò sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà tí yóò pariwo. Ní ti àwòrán gíga ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà, tí ọ̀pọ̀ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kan nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 30. Ògiri tí kò nípọn tó mítà kan kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ má wá a.

Dáàmù kékeré kan wà tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ wà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀n sọ́fíyọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, àwọn méjèèjì kò sì fohùn ṣọ̀kan: ti sọ́fíyọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 25 ga jù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n mú ti àwòrán, pé ìwé ìjọba ni. Mo gbéra, ó di ibẹ̀. Mo bá bàbá tó ń ṣọ́ dáàmù náà lábẹ́ igi máńgòrò, mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ògiri tí omi ń gorí rẹ̀ yẹn, ṣé bó ṣe ga látilẹ̀ náà nìyẹn?"

"Látilẹ̀ kẹ̀? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí omi gbẹ, tí ẹ̀rọ ò rí nǹkan fà mọ́, ni wọ́n to búlọ́ọ̀kù ìlà kan lé e lórí. Wọ́n ní àwọn á tú u tójò bá dé. Òjò mélòó ló ti wá dé báyìí, ọmọ mi?"

Ìlà búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú sìmẹ́ńtì rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 25 gẹ́lẹ́. Sọ́fíyọ̀ jàre. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: omi tí ì bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 75 lórí ògiri àtijọ́ kò ju 50 lọ lórí ti báyìí, iye tó sì ń kọjá kò ju ìdá 54 nínú 100 iye ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tí kò rí ọ̀nà kọjá yóò gòkè sí i ni, àwọn tó kọ́lé sí etí adágún lókè ni yóò sì bá lálejò. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà níbẹ̀: ta ló sọ pé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò láì fi irin so mọ́lẹ̀ yóò dúró nígbà tí omi ńlá bá dé? Mo ṣe àwòṣe náà lọ́nà méjì, èyí tí búlọ́ọ̀kù dúró àti èyí tí wọ́n ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní góńgó ìkún omi. Ti àkọ́kọ́ ṣèpalára fún àwọn ará òkè, ti ìkejì ṣe fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè rí ìyẹn nínú àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá yìí kan náà tún fi ìlà pupa kan hàn mí lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ó ní ibẹ̀ ni omi dé lọ́dún tó pọ̀ jù. Irú àmì báyìí, owó ni. Òun ni mo fi ń yẹ àwòṣe wò bóyá ó ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí àmì náà wà. Tí omi bá ti súnmọ́ orí weir, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ojú rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀. Lórí ògiri tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, jíjìn omi níbẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta H lọ. Òkè odò, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin H sẹ́yìn ògiri, la ti gbọ́dọ̀ ka H. Àmì bàbá fi sẹ̀ǹtímítà 40 hàn lórí ògiri; ẹni tó bá kọ 40 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí H yóò sọ iye omi náà di ìdajì, ó lé díẹ̀. H sún mọ́ 60. Mo ti rí igi ìwọ̀n tí wọ́n kùn dáadáa, nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete, tí wọ́n wá kàn mọ́ góńgó orí spillway gan-an. Àwọn tó ń kà á lójoojúmọ́ kò ṣàṣìṣe kankan, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń kọ.

Tí mo bá ti gbà pé orí ògiri àti omi òkè dúró dáadáa, omi ìsàlẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwòṣe tí mo ti yẹ̀ wò ti ń ṣubú. Ìṣirò Poleni gbà pé omi tó ti dà kọjá ti lọ ná, kò ní padà wá yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí omi ìsàlẹ̀ bá wà nísàlẹ̀. Tó bá ti ga kọjá orí ògiri, weir ti ń rì nìyẹn, omi kò sì ní lè kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Villemonte ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ògiri tín-ín-rín ní 1947, a ṣì ń lò ó dòní. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ga ju orí ògiri lọ ní ìdajì bí tòkè ṣe ga jù ú, ìdá 85 nínú 100 ló ṣì ń kọjá. Kò tíì burú. Tó bá dé ìdá 80 nínú 100 gíga tòkè, ó já wálẹ̀ sí 62. Lẹ́yìn èyí, ṣe ló ń já lulẹ̀. Ògiri tó fẹ̀ ní orí máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà á rì.

Kí ló ń gbé omi ìsàlẹ̀ ga nílùú wa? Afárá. Àwọn afárá tí ojú wọn kéré, tí ọ̀rá pure water, ẹ̀ka igi, táyà àti tìmùtìmù dí ní oṣù Kẹjọ. Omi á kún lẹ́yìn afárá, á padà sẹ́yìn títí yóò fi bá weir tó wà lókè. Èmi ti rí àwòṣe tí wọ́n fi weir sí inú rẹ̀ dáadáa, C rẹ̀ gún régé, tí wọ́n wá parí odò sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sísàlẹ̀ ògiri, tí wọ́n ní kí HEC-RAS fi ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ṣírò gíga omi níbẹ̀. Afárá wà ní ọgọ́rùn-ún mítà mìíràn sí iwájú. Ẹni tó ṣe é ti fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu pé omi á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kàn dá ìpinnu rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú àwòrán aláràbarà ni. Báyìí, n kì í parí àwòṣe láì kọjá afárá tó tẹ̀lé weir, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. N ó wá yí ìdagẹ̀rẹ̀ tí mo fún un nípẹ̀kun náà sókè sódò. Tí omi orí weir bá mì, àwòṣe náà ṣì kúrú. Mo sì máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú afárá tí ìdajì ojú rẹ̀ ti dí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí gan-an.

Àwọn tó ti kọjá sí àwòṣe onílẹ̀ gbọọrọ, tí wọ́n ń fi àwọ̀n ojú-mẹ́rin bo gbogbo ilẹ̀, ní wàhálà tiwọn. HEC-RAS máa ń ka gíga ilẹ̀ sí etí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tí ògiri tàbí bèbè bá gba àárín ojú àwọ̀n kọjá, tí etí kankan kò bọ́ sórí rẹ̀, ògiri náà kò sí. Omi á wà lápá òkè, á sì tún wà lápá ìsàlẹ̀ nínú ojú àwọ̀n kan náà, bí ẹni tó gba inú ògiri jáde. Ìlà ni a gbọ́dọ̀ fà gba góńgó orí ògiri kí etí àwọn ojú àwọ̀n lè to tẹ̀lé e. Bí mo ṣe ń mú un kò ṣòro: mo máa ń fi omi kékeré kan ránṣẹ́ tí kò yẹ kó dé orí ògiri rárá. Tí ìsàlẹ̀ bá tutù, ó ń jò.

Ibì kan wà tí C ti ń já ẹni jẹ lóòótọ́, n kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí: bèbè odò. Tí a bá fi bèbè ṣe weir ẹ̀gbẹ́, tí omi ń gbà ibẹ̀ ya sórí ilẹ̀, àwọn tó ṣe HEC-RAS fúnra wọn sọ pé, ní mítà, bèbè tí wọ́n mọ ga tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ kó wà láàárín 0.83 sí 1.43. Èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga ju agbègbè rẹ̀ lọ rárá, 0.11 sí 0.28 ni. Ìyàtọ̀ yìí lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbé 1.7 orí dáàmù lọ síbẹ̀ yóò tú odò náà dànù sórí ilẹ̀ kíákíá, omi kékeré ni yóò kù dé ìsàlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì máa sùn fọnfọn lórí ìwé.

Ti ẹsẹ̀ bàtà àti mítà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. 3.33 tí ẹ ń rí nínú ìwé Amẹ́ríkà fún ògiri tín-ín-rín, ti ẹsẹ̀ bàtà ni. Ní mítà, 1.84 ni. Inú SWMM ni mo ti ń bá a pàdé jù. Ẹni tó gbàgbé yóò rí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, kò sì ní sí àmì ìkìlọ̀ kankan.

Nígbà mìíràn, ìlà omi weir nínú àwòrán á máa gún sókè sódò bí eyín ayùn. Ìyẹn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí omi òkè àti tìsàlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ògiri tó ti rì, tí kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí yóò darí omi sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni kí n gé àkókò tó fi ń ṣírò kéré sí i. HEC-RAS tún ní nọ́ńbà ìmúdúró fún weir, láti 1 dé 3, àwọn kan á sì sáré tì í dé 3, wọ́n á ní ó ti parí. Ní tèmi, eyín ayùn yẹn ń sọ nǹkan: weir yẹn kò darí odò mọ́ ní àkókò ìkún omi náà. Nínú àwòṣe onílẹ̀ gbọọrọ, mo máa ń ní kó fi ìṣirò odò lásán gbé omi kọjá lórí rẹ̀, dípò ti weir.

Ẹni tí C bá ṣì ń jẹ lọ́kàn, kó lọ wọ̀n ọ́n. Fún odò kékeré, ẹ gé pákó tàbí páànù ní igun 90 bíi V, ẹ fi dábùú rẹ̀. Q = 1.38 × H^2.5 ni tirẹ̀, ní mítà. Tí H bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, omi tó ń kọjá kò tó lítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà mẹ́wàá á sì kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 13. Fóònù tó wà lápò yín á kà á. Mo ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣe é, wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ń fi wọ́n ṣeré ni. Ọ̀kan nínú wọn ka H sórí igun V gan-an, nọ́ńbà rẹ̀ kọ̀ kò bá bọ́kẹ́ẹ̀tì mu. Ó wò ó, ó wò ó, ó wá gbé rúlà rẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó tún un kà. N kò sọ nǹkan kan fún un.

Nínú ìròyìn tí mo ń kọ fún àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi báyìí, C máa ń wà ní ìlà kan: nọ́ńbà mẹ́ta, èyí tó kéré, èyí tó wà láàárín, èyí tó pọ̀, àti bí gíga omi ṣe yàtọ̀ láàárín wọn. Orí ògiri ló ń gba ojú ìwé tirẹ̀: fọ́tò, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, òpó tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bá lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ní owó kò tó, kí n yọ nǹkan kan kúrò, C ni mo ń yọ. N ó fi 1.6 síbẹ̀, n ó sì rán sọ́fíyọ̀ padà lọ.